Mo-ti-dé-bẹ̀ Gbé Ìyá Wa Lọ Jẹun

Ẹ ẹ̀ mọ Mo-ti-dé-bẹ̀, atún-aago-ṣe? Kò sí ìlú tẹ́ ẹ máa dárúkọ tí kò tíì dé. Bẹ́ ẹ bá ní òṣùpá lẹ̀ ń lọ, á ní kẹ́ ẹ bá òun kí onílé òun níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tó jìnnà jù tó dé láyé ni ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́yìn ibùdókọ̀.

Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì, ló fẹ́ fẹ́. Ìyá wa ti lé ọkùnrin méjì dànù. Ó ní òun á kọ́kọ́ bá ẹlẹ́ẹ̀kẹta jẹun ná. Ni ọ̀gbẹ́ni bá kó wa lọ sílé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń po ọbẹ̀ Faransé mọ́ ti Japáànù, tí kéèkì gúnwà sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tuntun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tirẹ̀, ẹnu nìkan ló kó.

Ó fìka sórí ìwé oúnjẹ. “Ẹ fún wa ní eléyìí, abọ́ mẹ́rin!”

Agbáwo rẹ́rìn-ín. “Orúkọ ọ̀gá wa nìyẹn, sà.”

“Mo mọ̀! Ẹ bá mi kí i ni mo ní!”

Oúnjẹ dé, pẹ̀lú igi tín-ín-rín méjì-méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ. Mo-ti-dé-bẹ̀ fi tirẹ̀ há ẹja. Ẹja fò, ó di inú báàgì ìyá wa.

“Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà lọ́hùn-ún nìyẹn, Màmá!”

Nǹkan aláwọ̀ ewé kan wà létí abọ́, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìpara orí kéèkì. Ó fi ṣíbí bù ú gàdàgbà.

“Sà, bíńtín ni wọ́n ń—”

“Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́?” Gbì! Ó gbé e mì. Àṣé ata Japáànù ni.

Háà! Ẹnu àìmẹ́nu ní í mú ata bá ọ̀fun. Ojú pọ́n, imú ń ṣàn, etí ń gbọ̀n.

Ìyá wa wò ó. “Ṣé ó dùn?”

“Ó... ó dùn gan-an, mà.”

“Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?”

“Mo rántí àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Faransé ni.”

Àbúrò mi bojú. Èmi di ẹnu mú. Ìyá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹja kúrò nínú báàgì, ó nu ọwọ́, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Fẹ́ ẹ. Ẹni tó jẹ irú èyí, tó ní ó dùn, á lè jẹ ọbẹ̀ ẹ.”