Ṣíbí Kan fún Ènìyàn Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ Oyèdàmọ́lá lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ogún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Ẹjọ́ ṣíbí ni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín tán títí di bí a ti ń wí yìí.

Fọládé, àgbẹ̀ ọmọ Kuta, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti àárọ̀, kò sì fẹ́ dìde, nítorí ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí ló ti lè máa rí ẹsẹ̀ Adùnọlá láàárín ẹsẹ̀ èrò. Ọmọbìnrin náà ló fẹ́ fi ṣe aya. Ìyá ọmọ, Alhaja Tinúọlá tó ń ta abọ́ àti ìkòkò, ló pe ẹjọ́, ó sì ti búra pé òun kò fún un lọ́mọ mọ́. Bí Baálẹ̀ bá dá Fọládé lẹ́bi pẹ́nrẹ́n, Adùnọlá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹni tí kò gbé Ìwó má bàa sọnù sọ́nà: ojú irin tuntun tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa gba àárín ìgboro kọjá, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní tíráàmù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi páànù sé títì, tí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ìsọ̀, ẹsẹ̀ oníbàárà ti dá. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ olórí àdúgbò wa, ló ní kí wọ́n kéde pé ẹni tó bá fẹ́ràn ìlú kó máa rajà lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà dí ní ìsọ̀, kí wọ́n má bàa kógbá wọlé kí ọkọ̀ tó dé. Ìkéde yẹn ló bí ẹjọ́ yìí.

"Alhaja, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Alhaja kúnlẹ̀. "Bàbá, kí ẹ pẹ́. Ọmọkùnrin yìí wá bá mi, ó ní òun fẹ́ ọmọ mi. Mo ní ó dáa. Ó ní kí n fi oko han òun kí òun wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, bí àwọn baba òun ti ń ṣe é. Mo ní oko wo? Èmi tí mò ń ta abọ́! Mo ní ìsọ̀ mi ni oko mi. Bí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀, kó kó èèyàn wá bá mi rajà."

"Ó kó wọn wá?"

"Ó kó wọn wá! Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ọkùnrin gìrìpá-gìrìpá! Mo sunkún ayọ̀, Bàbá. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Àfi ìgbà tí mo rí i pé ọkọ́ ló wà léjìká wọn."

"Ọkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ rà?"

"Ẹ bá mi bi wọ́n o! Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà mi, wọ́n ní àwọn ti dé, oúnjẹ dà? Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, wọ́n jẹ ẹ́. Mo se ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ́. Mo rán Adùnọlá lọ ra gàrí, wọ́n mu ún, wọ́n tún ní ẹ̀pà dà?"

"Kí ni wọ́n wá rà?"

Alhaja fa nǹkan kan yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Ṣíbí ni.

"Èyí, Bàbá. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣíbí kan. Wọ́n gba igbá ike ní èènì lé e lórí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbàgbé ṣíbí sórí bẹ́ńṣì. Wọn ò gbàgbé èènì!"

Ìyálọ́jà Àgbékẹ́, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, ń fi etí gèlè nu omi ojú. Omi ẹ̀rín ni.

"Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni Baálẹ̀ wí. "Fọládé, dìde, kí o wí tẹnu rẹ."

"Ẹ jẹ́ n wí i níbi tí mo wà, Bàbá."

"Ṣé òótọ́ lohun tí Alhaja sọ?"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ta ló ń náwó níbi ọ̀wẹ̀? Agbára ni ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ń gbé wá. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ló ń bọ́ wọn. Bí a ti ń ṣe é ní Kuta nìyẹn, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ilé-Ogbó nìyẹn. Mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀wẹ̀ ọjà ni. Wọ́n ní iṣẹ́ wo ló wà nínú ọjà? Mo rò ó títí, mo ní nínájà ni. Nínájà la sì ṣe."

"Ẹ ná kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀! A pín in ní poro-poro bí ẹni pín oko. Èmi mú poro ìkòkò, Ògúnkúnlé mú poro fíláàsì, àwọn ará Olúpọ̀nnà mú poro abọ́. A ná an láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀rí. Bàbá, òógùn bò wá!"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ra ṣíbí?"

"Àṣìṣe ni. Ẹnìkan nínú wa ná an títí, Alhaja bá gbà fún un. Ojú tì í, ó sanwó."

Ẹ̀rín bú sáàfin. Baálẹ̀ fi ọ̀pá lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rọlẹ̀.

"Alhaja, ṣé ó tán?"

"Kò tán o. Ẹ bi í lóhun tí wọ́n fi ọkọ́ ṣe."

Fọládé dojú délẹ̀. Ibi tó ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ la dé yìí.

"Fọládé, kí lẹ fi ọkọ́ ṣe?"

"Bàbá, lẹ́yìn tá a jẹ ìrẹsì tán, ó ń tì wá lójú pé a jẹun tó bẹ́ẹ̀, a ò ṣe iṣẹ́ kan tó hàn sójú. A wá wo iwájú ìsọ̀. A rí ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú, Bàbá! Wọ́n ti tú u, òjò ti rọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó gbin ohunkóhun sí i."

"Ilẹ̀ ojú irin?"

"A ò rí irin níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ la rí."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"A kọ ebè."

"Ẹ kọ ebè sójú ọ̀nà tíráàmù!"

"A gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Kò tilẹ̀ gbà wá ní àkókò."

Baálẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Agbádá tó rán de ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò kọ́kọ́ rìn ti wà nínú àpótí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Àwọn tó ń ṣe ojú irin dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì," Alhaja ń bá tirẹ̀ lọ, "wọ́n bá ebè mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá wọn ń bi mí bóyá èmi ni mo ni oko!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí Fọládé. Ògúnkúnlé ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kó àwọn ọlọ́wẹ̀ jọ, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"

"A ò ju mẹ́wàá lọ, Bàbá."

"Alhaja ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Mẹ́wàá ló wá nájà. Mẹ́rìndínlógún tó kù wá jẹun."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi Ògún búra."

"Ẹ̀kọ ńkọ́?"

"Ìyẹn la fi lanu."

"Gàrí ńkọ́?"

"Ìyẹn la fi pa á dé."

"Ìrẹsì ńkọ́?"

"Òun ni mò ń pè lóúnjẹ, Bàbá. Ẹran rẹ̀ kò sì tó."

Fọládé fi iwájú orí gbá ilẹ̀ pẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rẹ́ bá ń jẹ́rìí báyìí, kí lọ̀tá yóò wá ṣe?

Ẹlẹ́rìí kejì ni Abdullateef, tó ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Alhaja.

"Abdullateef, kí lo rí lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Mi ò tilẹ̀ ṣí ìsọ̀."

"Ó dáa. Jókòó."

Kò jókòó. "Ṣùgbọ́n ẹ má dá wọn lẹ́bi o! Ẹ ní kí wọ́n tún wá! Ariwo tí wọ́n ń pa lórí fíláàsì lọ́jọ́ náà, ìlú gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ń pín nǹkan ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ya wá láti ẹ̀yìn páànù, wọn ò ráyè wọ ìsọ̀ Alhaja, wọ́n bá yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́láhì, mo ta gbogbo fìlà mi. Mo ta èyí tó wà lórí mi!"

"Nínú ìsọ̀ tí o ò ṣí?"

Abdullateef fọwọ́ kan orí. Kò sí fìlà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó rọra jókòó.

"Àsìtàfúrúláì!" Alhaja dìde dúró. "Èmi se oúnjẹ, Abdullateef tajà!" Gbogbo èèyàn tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, kì í ṣe tìtorí ṣíbí ni inú ṣe ń bí mi. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti jókòó sínú eruku yẹn. Mò ń nu abọ́ láàárọ̀, mò ń nù ún nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Bí tíráàmù yẹn bá dé tí mo ti kógbá wọlé, ta ló dé fún?"

Fọládé gbórí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, àánú obìnrin náà ṣe é dé ọkàn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi tàgbẹ̀ jẹ́ ẹ ni."

Baálẹ̀ tún agbádá ṣe láti dájọ́. Ìyálọ́jà Àgbékẹ́ dá a dúró.

"Kí Baálẹ̀ tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ tí Baálẹ̀ ti ní ká máa rajà, kí ni Baálẹ̀ fúnra wọn ti rà?"

Baálẹ̀ wúkọ́. "Mo... mo ń gbèrò rẹ̀ lọ́wọ́."

"Háà. Àwọn àgbẹ̀ yìí tiẹ̀ ra ṣíbí."

Ọmọ aráyé fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín wó ilé lé Baálẹ̀ lórí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ tán, ó nàró.

"Ẹ gbọ́. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbìn, ẹ ó hú u lónìí, ẹ ó sì tẹ́ ilẹ̀ náà bí ẹ ti bá a. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́, ìmọ́tótó ni. Ìdájọ́ nìyí. Alhaja, ẹ lọ po ògì gbígbóná, ìkòkò ńlá kan."

"Kí n tún bọ́ wọn?"

"Ọ̀wẹ̀ kò tíì tán. Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iwájú ìsọ̀ Alhaja lẹ ó ti mu ògì náà. Ṣíbí kan tí ẹ rà lẹ ó fi mu ún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé abọ́ sẹ́nu. Fọládé ni yóò máa fi ṣíbí náà bọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ọwọ́, lójú ọjà. Ẹni tí èyí bá sú, kó ra ṣíbí àti abọ́ tirẹ̀ níye tí Alhaja bá pè é. Kò gbọdọ̀ ná an, ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ bá a rà á."

"Fọládé ńkọ́, Bàbá?" Ohùn Adùnọlá ni, láti ẹ̀yìn èrò.

"Wákàtí tí ẹni ìkẹyìn nínú wọn bá ra tirẹ̀ ni Fọládé di ọkọ rẹ. Bí ẹni náà kò bá rà, kí Fọládé máa bọ́ ọ lọ títí tíráàmù yóò fi gbó."

Nígbà tí oòrùn kàtàrí, wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́ tán, ìlú sì ti yí ìsọ̀ Alhaja ká. Àwọn èèyàn ń gba abẹ́ páànù wọlé kí wọ́n lè rí bàbá onírùngbọ̀n tí wọ́n ń bọ́. Ọkùnrin àkọ́kọ́ gba ṣíbí méjì péré, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọjá, ó fò dìde, ó sanwó. Ẹnì kejì gbọ́ tí ọmọ kan ń kọrin fún un pé kó gbé e mì, òun náà sanwó. Ojú ti àwọn tó wá wòran láti dúró lásán, àwọn náà ń mú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò aláwọ̀ ewé kan, kò sì ná an. Kí àwọn èèyàn tó kírun àsárì, gbogbo wọn ti rà tán.

Ó ku Ògúnkúnlé.

"Ògúnkúnlé, nítorí Ọlọ́run," ni Fọládé ń bẹ̀ ẹ́. Apá ti ń ro ó.

"Ó dùn," ni Ògúnkúnlé wí, ó tún lanu. "Ìyá mi gan-an kò bọ́ mi tó báyìí. Bù ú wá."

Ṣíbí ogún. Ṣíbí ọgbọ̀n. Ẹkún ti fẹ́ gbọ̀n Fọládé. Ìgbà náà ni Adùnọlá dìde, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó lọ sídìí iná, ó bu ti ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ń hó yaya.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ lanu."

Ògúnkúnlé wo èéfín tó ń jáde lórí ṣíbí. Ó wo ojú Adùnọlá. Ó pa ẹnu dé.

"Alhaja, èló ni ṣíbí?"

Ìhó ta! Ó sanwó ṣíbí, ó sanwó abọ́, ó nawọ́. "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ná an. Wọn ò ní n má gba èènì. Èènì mi dà?"

Alhaja wẹ̀yìn wo ìsọ̀ rẹ̀. Pẹpẹ ti ṣófo láti òkè délẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ náà lé ti Fọládé tí ògì ti bò.

"Èènì kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi nìyí," ló wí, "ó sì ti lólúwa."