Sanmí, Má Ṣí Fìlà!

Ẹ gbọ́ nǹkan o! Ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè, Oyèkúnlé jogún fìlà kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: bí fìlà bá wà lórí, oòrùn a ràn, bó bá ṣí i, òjò dé nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ó sá láfún lọ rẹrẹ sórí àpáta, orí sì ń yún un bí nǹkan míì, nígbà tí Sanmí ọlọ́kadà dé, ọ̀gá àwọn mo-mọ̀-ọ́n-tán.

"Bàbá Múyì, ẹ kú iṣẹ́ o! Kí lẹ ń fi igi wá lábẹ́ fìlà?"

"Orí ló ń yún mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni mi ò ti gẹrun."

"Ẹ ò ṣe ṣí i?"

"Láfún mi ńkọ́? Gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn lọ́dún yìí ló wà níbí yìí. Òjò ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún pa á, ó di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀."

"Irú agbára yìí lẹ ní, ẹ wá fajú ro? Ká ní èmi ni, ayé ì bá gbọ́!"

"Ayé ti gbọ́, òun ló ń dà mí láàmú! Zubaidah fẹ́ sọmọ lórúkọ, ó ní kí n dé e. Leah gbin ilá, ó ní kí n ṣí i. Ẹni tí mo ṣe tiẹ̀ kì í dúpẹ́, ẹni tí mi ò ṣe tiẹ̀ kì í dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù. Wọ́n ní mo gbéra ga."

"Tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ńkọ́?"

"Gbogbo abúlé ló ń mọ ọjọ́ tí mo wẹ̀."

Sanmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ẹ gbé e wá, jàre. Màá bá yín dé e títí láfún á fi gbẹ."

"O ò ní ṣí i?"

"Èmi tí mò ń sáré lórí ọ̀kadà! Atẹ́gùn wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó wù kó dé?"

"Bí Baálẹ̀ fúnra wọn bá ń kọjá, jíjókòó ni màá jókòó."

Wọ́n forí korí, wọ́n rọra ti fìlà láti orí kan bọ́ sórí kejì. Ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo ló bọ́. Oyèkúnlé fi ọwọ́ méjèèjì họ orí, adùn rẹ̀ mú omi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé báyìí ni àwọn èèyàn ń jayé!

Ni fóònù Sanmí bá dún.

"Yéè! Àna mi ni! Ìyá Olúfúnmi ìyàwó mi!"

"Sanmí, má ṣí…"

Ó ti bọ́. Sanmí ti já fìlà sọ́wọ́, ó ti nà gbalaja sáàárín láfún, fóònù létí.

"Ẹ káàsán mà! Mo dọ̀bálẹ̀ mà!"

Àrá sán. Òjò ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

"Sanmí! Orí fóònù ni wọ́n wà! Wọn ò rí ẹ!"

"Bàbá, àna ni!"

"Dé fìlà!"

"Wọn ò tíì ní kí n dìde!"

Ìgbà tí wọ́n fi máa ní kó dìde, láfún ti di ògì. Ó dun Oyèkúnlé dọ́kàn. Sanmí dìde, ó funfun láti àyà dé orúnkún, ó ń na fìlà sí i.

"Ẹ gbà á o, bàbá. Agbára yìí ju tèmi lọ. Àna mi ń bọ̀ lọ́la, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò nílé mi!"

Oyèkúnlé kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, òjò ń ṣàn lórí rẹ̀, ara ń tù ú.

"Máa dé e lọ, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì, àbí kí lo wí? Jẹ́ n tètè lọ gbin ìrẹsì."