Prẹ́sídáàn Akínṣọlá Gba Òkun Sílẹ̀

Ẹ bá mi kí Timothy Akínṣọlá. Kì í ṣe báyẹn. Ẹ dúró dáadáa. Ẹ ṣí fìlà. Ọkùnrin náà kì í gba ìkíni kékeré.

Tí ẹ bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀" lásán, á wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fi "Ọ̀gá" kún un, á mi orí díẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ bá pè é ní Prẹ́sídáàn kó tó lanu. Prẹ́sídáàn kí ni? Ẹ má bi í. Lásìkò yẹn, gbogbo Lomé ló ń ṣe àpérò lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ènìyàn mẹ́ta kò lè mu kọfí pọ̀ kí wọ́n má yan prẹ́sídáàn, akọ̀wé àti akápò. Akínṣọlá ti jẹ prẹ́sídáàn ẹgbẹ́ bíi mélòó kan. Nínú àwọn míràn, òun nìkan ni ọmọ ẹgbẹ́.

Síméǹtì ló ń tà ní àdúgbò Nukafu. Ohun tí ayé mọ̀ nìyẹn. Ohun tí ayé kò mọ̀ ni ọkọ̀ yanrìn rẹ̀ méjì, tó ń sùn lẹ́yìn odi gíga kan ní Adakpamé. Ó ní òfin kan fún àwọn awakọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn odi yẹn ni wọ́n ti máa ń pàdé, àmọ́ ibikíbi tí wọ́n bá ti rí òun, kí wọ́n dúró. Kí wọ́n fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ki òun. Oríkì náà, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Awakọ̀ tó bá fo ìlà kan, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn wọgbó.

Yésúfù, awakọ̀ àgbà, kì í fo ìlà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́.

Òkun ní tirẹ̀ kò ṣe àpérò kankan. Ó kàn ń bọ̀. Ó ti gbé ilé ìdáná Àrìnkẹ́, ẹlẹ́ja kan tó ń gbé létí omi, lọ, pẹ̀lú àrò tí obìnrin náà fi ń yan ẹja. Yàrá méjì ló kù. Láàárín yàrá àti omi, yanrìn díẹ̀, bí ẹní méjì tí a tẹ́ síra wọn. Yanrìn yẹn gan-an làwọn ọlọ́kọ̀ tún ń wá bù.

"Mo gbọ́ ọ ní rédíò, Davi, ẹ̀gbọ́n mi," ni Geneviève, aládùúgbò rẹ̀, wí. "Àwọn olórí ayé péjọ sí Brésíl. Wọ́n ní ayé ń gbóná, gbogbo òkun ń wú."

"Òkun ń wú, àwọn kan sì ń kó ohun tó dá a dúró tà," ni Àrìnkẹ́ dáhùn. "Tí mo bá ń retí àwọn ará Brésíl, inú ẹja ni màá sùn. Ẹ jẹ́ ká jókòó sójú ọ̀nà ọkọ̀. Ká má bú ẹnikẹ́ni. Ká má sọ òkò. Ká ṣáà jókòó."

Akínṣọlá gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ìdí? Oníṣòwò kan láti Tokoin ti ń kó ọkọ̀ ńlá wá bu yanrìn níbẹ̀, ó sì ń tà á pọ́ọ́kú. Táwọn obìnrin bá dí ọ̀nà iwájú mọ́ onítọ̀hún, tí ọkọ̀ Akínṣọlá sì ń rọra gba ọ̀nà ẹ̀yìn, láàárín igi àgbọn... Ha. Ọlọ́run ń bẹ.

"Ẹ nílò prẹ́sídáàn," ó wí fún wọn.

"Ẹni tó máa jókòó la nílò," Àrìnkẹ́ dáhùn.

"Màá jókòó gẹ́gẹ́ bíi prẹ́sídáàn."

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń wá oyè kì í wá àga. Akínṣọlá ń wá méjèèjì, ó tún ń wá ìrọ̀rí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá mọ́, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní. Òun dé pẹ̀lú àga onítìmùtìmù láti ọjà àlòkù Hédzranawoé, àga aláwọ pupa tí ìdí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti jẹ láàárín. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Agbádá funfun. Dígí dúdú. Ó ti kìlọ̀ fún Rídúwánù, ayàwòrán ìwé ìròyìn kan, pé ojú ìwé kìíní ni òun fẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá!" ó ké. "Òkun ń sunkún!"

"Kò sunkún o, ó ń jẹun," Geneviève kùn.

"Mo pàṣẹ lónìí! Ẹnikẹ́ni tí a bá bá yanrìn yìí lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ mínísítà, orí ara rẹ̀ ni yóò fi rù ú padà. Bàsíà kan lẹ́yìn òmíràn! A kò ní nà án. Àlàáfíà la bá wá. Ṣùgbọ́n yóò rù ú!"

Àtẹ́wọ́. Rídúwánù ya àwòrán. Akínṣọlá ní kó tún un yà. Ikùn òun hàn.

Ọkọ̀ ará Tokoin dé, ó rí àwọn obìnrin, ó ṣẹ́rí padà. Akínṣọlá na ẹsẹ̀ lórí àga.

Ohun kan ni kò mọ̀. Ìlú ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ sì ti kó táyà dí ọ̀nà ẹ̀yìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

Ọkọ̀ méjì yọ láti ìsàlẹ̀ etí òkun. Yanrìn kún wọn dé ẹnu, omi ṣì ń ro tó, tó, tó. Àwọn obìnrin di ọwọ́ ara wọn mú. Ọkọ̀ iwájú ń sún mọ́. Ó tún sún mọ́. Ooru ẹ̀rọ rẹ̀ kan Àrìnkẹ́ lójú. Àrìnkẹ́ di ojú. Kò kúrò.

Ọkọ̀ dúró.

Pààn! Pààn! Pààn!

Akínṣọlá mọ fèrè yẹn. Ó nawọ́ sókè, ó ń jù ú: padà, padà! Yésúfù rí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó rò pé òun ló pẹ́ jù. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga pupa.

"Dákẹ́!" Akínṣọlá sọ láàárín eyín.

Yésúfù rò pé wọ́n ń dán òun wò ni. Ó rántí owó ọjọ́ rẹ̀. Ó gbóhùn sókè:

"Akínṣọlá, erin tó ń rìn tí ilẹ̀ ń tọrọ gáfárà!
A-bu-yanrìn-bí-ẹni-bu-gàrí!
Kò sílé tó ga ní Nukafu tí yanrìn rẹ kò gbé ró!
Òkun tó létí, ìwọ lo gé etí rẹ̀ tà lọ́jà!
O bù ú lánàá, o bù ú lónìí,
Òkun ń wò ọ́, kò lè fọhùn!"

Ìgbì kan dé, ó padà.

"Áò! Ta ni wọ́n ń kì?" Geneviève béèrè. "Fofo, ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ìwọ ni?"

"Akínṣọlá pọ̀ ní Lomé," ni Akínṣọlá wí.

"Ọ̀gá, ó ku ìlà méjì," Yésúfù wí látilẹ̀. "Ẹ má tíì bínú."

Àrìnkẹ́ dìde. Kò pariwo. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé bàsíà tó fi ń fọ ẹja jáde. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé itan Akínṣọlá.

"Prẹ́sídáàn, ẹ̀yin lẹ pàṣẹ. A kò ní nà yín."

"Àlàáfíà la bá wá!" àwọn obìnrin gbè é.

"Àrìnkẹ́, alàgbà ìjọ ni mí..."

"Ẹ ní ì báà jẹ́ mínísítà, sà."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kò sì sẹ́ni tó kúrò lójú ọ̀nà. Iwájú, ẹní. Ẹ̀yìn, òkun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, Rídúwánù, tó ń ki fíìmù tuntun bọ ẹ̀rọ.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Akínṣọlá ká apá agbádá. Bàsíà gorí fìlà. Yanrìn tútù, omi rẹ̀ ń ṣàn wọ ọrùn. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú yàrá Àrìnkẹ́, ó dà á. Ó padà wá láti sinmi. Geneviève ti wà lórí àga, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀kan sí i, Prẹ́sídáàn."

Àwòrán náà jáde. Ojú ìwé kìíní, bó ṣe fẹ́ ẹ. Ikùn hàn.

Ṣùgbọ́n àwòrán kì í lóhùn. Ẹni tó rí i nínú ìwé ìròyìn kò lè gbọ́ Yésúfù, ọmọ tó gbẹ̀kọ́, tó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òfin lòfin. Gbogbo ìgbà tí bàsíà bá kọjá níwájú rẹ̀, á nawọ́ wọ inú ọkọ̀.

Pààn! Pààn! Pààn!

Á dọ̀bálẹ̀. Á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.