Èwo Nínú Wọn Ló Ń Gbóná?

Télọ̀ kan wà tí kì í gbà kí mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ nìkan ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ní ọ̀sán ọjọ́ yìí, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ẹ́ńjìnnì ń pariwo lórí rẹ̀, ó ń wò ó bóyá epo inú ẹ́ńjìnnì ń jò. Ìyàwó rẹ̀ ti fóònù bàbá rẹ̀ láàárọ̀ pé, "Ọkọ̀ mi ń gbóná jù." Fóònù ò já gaara. "Ọkọ mi ń gbóná jù" ni Bàbá gbọ́. Ó wá parí ìjà. Bí kò bá sì ṣeé parí, kó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Bàbá fi ọ̀pá kan ẹsẹ̀ tó yọ síta náà. "Àna mi, ṣé kò sí?"

"Bàbá! Ẹ káàbọ̀, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo kàn fi ṣe é."

"Ọmọ mi pè mí. Mi ò ní na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ń gbóná jù."

"Òótọ́ ló sọ, sà. Nígbà mìíràn, àfi bíi pé ó fẹ́ gbiná."

Inú Bàbá rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó tètè jẹ́wọ́, ìjà rẹ̀ kì í pẹ́. "Ìgbà wo ló máa ń ṣe é?"

"Tó bá ń gun òkè, sà. Pàápàá bí ìyàwó mi bá ti di ẹrù lé e."

"Ó ń di ẹrù lé e?"

"Ẹrù tó pọ̀! Á máa kùn, á máa gbọ̀n. Tó bá yá, á dákẹ́ lójijì, kò ní lọ mọ́. Ìyàwó mi á wá máa tì í láti ẹ̀yìn. Ó lágbára gan-an, sà."

"Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn." Bàbá fọwọ́ ra ìbàdí ara rẹ̀. "Kí lo wá ṣe sí i?"

Inú Télọ̀ dùn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, àna rẹ̀ ò bi í léèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. "Èmi tó yẹ kí n máa ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo lọ ra ohun ìtutù kan, pẹlẹbẹ báyìí, àlòkù. Mo dè é mọ́ iwájú, níbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí i."

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà lọ sókè, títí dé ibi tí ṣòkòtò wọ abẹ́ ọkọ̀. "Iwájú ibo?"

"Iwájú gan-an, sà. Ó ní páìpù méjì. Epo gbígbóná á gba ọ̀kan jáde láti inú, á tutù, á gba èkejì wọlé padà."

"Dókítà wo ló ṣe irú rẹ̀?"

"Dókítà kẹ̀? Èmi náà ni! Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù."

"O ò sì dákú?"

"Ó kù díẹ̀, sà. Mo gbàgbé láti di páìpù kan, gbogbo epo dà sí mi lójú. Bí ọgbọ́n bá ń jò, tèmi ti gbẹ tipẹ́. Mo tún wá gbàgbé pé ohun ìtutù náà máa gba epo kún ti tẹ́lẹ̀. Odidi lítà kan ni mo tún bu sí i."

"O mu ún?"

"Ó mu ún tán, sà!"

Bàbá jókòó lórí táyà tó wà nílẹ̀. "Ọmọ mi, rọra. Ìfẹ́ ò ní ká para ẹni. Bó bá tutù jù náà, kò dáa."

"Ẹnu yín là á ti í gbọ́ ọ! Tó bá tutù jù, epo á ki bí oyin, kò ní lè rìn. Ìyẹn ni mo ṣe fi ìlẹ̀kùn kékeré kan há a láàárín. Kì í ṣí, àfi tó bá gbóná dé ìwọ̀n."

"Ìlẹ̀kùn!" Bàbá di orí mú. "Yéè! Ó ti la ara rẹ̀!"

Télọ̀ fà ara rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ta ló la ara rẹ̀, sà?"

"Ìwọ! Ọkọ ọmọ mi!"

"Ọkọ̀ ọmọ yín ni mo là, sà."

Bàbá wo Télọ̀, ó wo ọkọ̀.

"Ọkọ̀?"

"Ọkọ̀, sà. Bàbá, ẹ sì rò pé èmi ni mò ń tọ́jú tó báyẹn? Èmi tí mi ò tíì jẹun láàárọ̀?"

"Èmi ńkọ́, tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn sórí bọ̀ láti ilé bí ọmọ iléèwé?" Ẹ̀rín gbé Bàbá ṣubú kúrò lórí táyà.

Wọ́n jọ wa ọkọ̀ náà gun òkè ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí epo ṣe gbóná tó. Kò kọjá àárín. "Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ," ni Télọ̀ wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀, "abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ tèmi nìyí."

Síbẹ̀, ọkàn Bàbá ò balẹ̀. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago. "Ẹ̀n-ẹ́n... ẹ̀n-ẹ́n... mo gbọ́." Ó rọra ti fóònù bọ àpò.

"Kí ló wí, sà? Ọkọ̀ àbí ọkọ?"

"Ó ní méjèèjì ni. Ó kàn ní ká kọ́kọ́ mú èyí tó ṣeé tún ṣe."