Ọkọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọkọ̀ Akàn, Ẹ́ńjìnnì Kan Náà

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé o. Wọ́n tì í wọlé ni. Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ló gbé ejìká ti ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó kú, àwa aládùúgbò mẹ́rin bá a tì í, òógùn bò wá, títí a fi gbé e dúró nínú àgbàlá níwájú Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Káfíńtà tó fẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin rọra wa ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀lé wa, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́ ló wà níwájú ọkọ̀ oníbúrẹ́dì. Akàn ló wà níwájú ti káfíńtà. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ọdún mẹ́fà gbáko sì ni oníbúrẹ́dì ti fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì pé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọkọ̀, agolo ni Akàn.

"Sọ tẹnu rẹ," Kábíyèsí wí.

"Kí adé pẹ́ lórí. Olè ni mo mú wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kó igba búrẹ́dì sẹ́yìn ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó dákẹ́. Ọkọ̀ tí kò já mi kulẹ̀ rí! Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí pọ́ńpù tó ń gbé epo sínú ẹ́ńjìnnì wà ti ṣófo bí ẹnu ọmọ ọwọ́. Àna mi yìí ló tú u lọ!"

"Búrẹ́dì yẹn ńkọ́?" Olóyè kan tó ti ṣe tísà rí ló bèèrè.

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, Olóyè. Wọ́n ti le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ gbàgà-gbàgà nígbà tí à ń ti ọkọ̀ bọ̀, búrẹ́dì ló ń forí gbára."

Kábíyèsí kọjú sí káfíńtà. "Ṣé lóòótọ́ lo jí pọ́ńpù?"

"Rárá, Kábíyèsí. N kò jí i. Mo pín in ni."

"O ṣe kí ni?"

"Mo pín in. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló kọ́kọ́ pín in. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan báyìí wà, òun ni ilé iṣẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ilé iṣẹ́ Akàn jọ ń lò. Àmì iwájú nìkan ló yàtọ̀. Bí àwọn ẹni ńlá bá pín odidi ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n lólè, kí ló wá dé tí èmi pín pọ́ńpù lásán tí ilẹ̀ fi fẹ́ yà?"

Àgbàlá hó yèè. Oníbúrẹ́dì fò sókè bí ẹni tí eèrà bù jẹ.

"Irọ́! Ẹ́ńjìnnì mi àti tirẹ̀ kò lè jẹ́ ọ̀kan láéláé! Kábíyèsí, ẹ foríjì í lórí olè bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tún sọ ìyẹn mọ́!"

"Dúró ná," Olóyè Tísà wí. "Ṣé olè lò ń rojọ́ rẹ̀ ni àbí ìtìjú?"

"Méjèèjì ni, Olóyè. Ìtìjú ló wúwo jù."

Wọ́n ní kí wọ́n pe mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ méjèèjì ṣe, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Tú-u-wò. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ bọ̀, àkísà náà sì dúdú ju ọwọ́ lọ.

"Tú-u-wò, nínú ọkọ̀ méjì yìí, èwo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára jù?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, Kábíyèsí. Kò lẹ́gbẹ́."

"Háà!" Káfíńtà ké. "Kí lo sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Mo ní Akàn ni. Kò lẹ́gbẹ́."

"Èwo wá ni ká gbà?"

"Ẹ gba méjèèjì, Kábíyèsí. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Bí mo bá yin ọ̀kan, èkejì kì í bínú."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ tú u. Àmì akàn wà lára ẹ́ńjìnnì Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an, nísàlẹ̀ pátápátá."

"O ò sì sọ fún mi?" Oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fún mi ní búrẹ́dì ọ̀fẹ́ láràárọ̀. Ẹnu tó ń jẹ búrẹ́dì ọ̀fẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè òdodo?"

Oníbúrẹ́dì gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí.

"Kí lo rí?" Kábíyèsí bèèrè.

"Akàn ni." Ohùn rẹ̀ jáde láti abẹ́ ọkọ̀ bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé bàbá tó tọ́ ọ dàgbà kọ́ ló bí i.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n Olóyè Tísà na ìka sókè.

"Kábíyèsí, ó ku ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan, kí ló dé tó jẹ́ Akàn nìkan ló ń kú sójú títì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀?"

Oníbúrẹ́dì yọ orí jáde kíá. "Ẹ ṣeun, Olóyè! Ẹ bi í!"

"Ọ́ìlì ni," Tú-u-wò dáhùn. "Oníbúrẹ́dì ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lákòókò. Káfíńtà ní tirẹ̀…"

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn?" Kábíyèsí bi í.

Káfíńtà wojú sánmà. "Ṣé ọ́ìlì náà máa ń gbó ni?"

"Ọdún mẹ́rin!" ìyàwó rẹ̀ pariwo láti inú ọkọ̀ Akàn.

"Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́, Kábíyèsí," Tú-u-wò wí. "Ọ̀dà títì ni. Òun ló pa pọ́ńpù rẹ̀."

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn Akàn ṣí. Ìyàwó káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì ran màmá wọn lọ́wọ́ láti bọ́ sílẹ̀, ìyá òun àti oníbúrẹ́dì. Báńdéèjì funfun bo ọ̀kan nínú ojú màmá.

"Ẹ fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀," màmá wí. "Èmi ni mo ní kó tú u."

Àwọn ìjòyè na ọrùn síwájú.

"Oṣù méje ni mo fi dúró de iṣẹ́ abẹ ojú. Wọ́n ní bí mo bá fi pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ọdún tó ń bọ̀. A jí, Akàn ò dáhùn. Ọkọ ọmọ mi fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, mo ní ó tì. Mo ní kó lọ tú pọ́ńpù. Òwúrọ̀ yìí ló gbé mi dé láti ilé ìwòsàn. Kí ni ì bá fi gbé mi bọ̀, ká ní ó ti dá a padà?"

"Màmá!" Oníbúrẹ́dì ti jáde lábẹ́ ọkọ̀ tán. "Ṣé èmi ọmọ yín ò ní gbé yín lọ ni?"

"O gbé mi lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan. Láti ilé dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ilé ìwòsàn dé ilé, ọ̀rọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ojú ló ń dùn mí lọ, etí ló ń dùn mí bọ̀."

"Màmá," Olóyè Tísà ò lè mú un mọ́ra, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ méjèèjì, èwo ló dára jù?"

"Bákan náà ni wọ́n ṣe ń mi mí léyín."

Oníbúrẹ́dì sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Ṣé ẹ ti ń ríran?"

Màmá fi ojú kan wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Mo rí i pé o ti hu ewú. Ta ló mọ̀?"

Oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, tòun ti ṣòkòtò funfun.

Kábíyèsí wúkọ́, ó sì dájọ́ báyìí:

"Ẹ́ńjìnnì méjì tó jáde látinú ilé kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí àbúrò bá wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n, a kì í pè é lólè, ṣùgbọ́n ó yẹ kó tọrọ. Káfíńtà, wàá dá pọ́ńpù padà lónìí. Igba búrẹ́dì yẹn sì di tìẹ. Ìwọ àti Tú-u-wò ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò ní ṣàì rí i gé, o ṣáà ní ayùn."

Tú-u-wò di orí mú.

"N kò tíì parí. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ yìí, káfíńtà, o kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, o kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, títí ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ yóò fi di tuntun. Bó bá tó ọdún mẹ́rin, kó tó o."

Ìyàwó káfíńtà kígbe. "Kábíyèsí! Kí lèmi ṣe? Èmi ni mo ń sùn tì í!"

"Ìdí tí mo fi mọ̀ pé kò ní di alẹ́ nìyẹn. Oníbúrẹ́dì, ìwọ ni yóò máa gbé ìyá rẹ lọ fún àyẹ̀wò. O kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Bó o bá fẹnu kan ẹ́ńjìnnì pẹ́nrẹ́n, sọ̀ kalẹ̀, fún àna rẹ ní kọ́kọ́rọ́, kó o fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

Kó tó di alẹ́ lóòótọ́, pọ́ńpù ti padà sínú Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ́ìlì tuntun ti wà nínú Akàn, káfíńtà sì ti wẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Mo bá wọn lọ, ẹ̀yìn ni mo wà, níbi tí wọ́n máa ń to búrẹ́dì sí, èmi àti káfíńtà. Oníbúrẹ́dì wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́, ó pa ẹnu dé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ nígbà tá a kan ọkọ̀ kan tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, èéfín dúdú ń jáde. Ọrùn oníbúrẹ́dì le. Ó wo iwájú gan-an.

"Ọmọ mi," màmá bi í, "kí ló ṣe ọkọ̀ yẹn?"

"Ọ́ìlì ni, Màmá. Ẹ́ńjìnnì yòówù kó jẹ́, bí wọn ò bá…"

Ó gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó na kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn sí àna rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìjiyàn.

Káfíńtà jókòó síwájú. "Màmá, ṣé kí n dúró dè wọ́n ni?"

"Wà á lọ. Dókítà ní kí n máa fi ojú yìí wo ohun tó jìnnà."

Ó yíjú padà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wa, tó ń kéré sí i, tó ń kéré sí i.

"Mo ṣì ń rí i," ó wí.