Ta Ló Ń Gbálẹ̀ Nílé Oyin?

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ìgbálẹ̀ ló sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Aránṣọ kan ló gbé e dání. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ìyá ọkọ sì tẹ̀ lé wọn. Mo ti wá ibi tó dáa jókòó sí ní tèmi, torí ẹjọ́ tọkọtaya kì í sú mi.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o!" Aránṣọ kúnlẹ̀. "Aṣọ iléèwé ogójì ọmọ ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé. Bí mi ò bá rán an tán, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó sídìí maṣíìnì, ilẹ̀ á ní kí n wá gbá òun, abọ́ á ní kí n wá fọ òun. Ọkọ mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní oyin ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Oyin wo?"

Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, mo ra àpótí oyin kan, àwọn kéékèèké tí kì í ta ni yẹn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi jókòó tì wọ́n tí mò ń wò wọ́n."

"Ẹ gbọ́ o! Oṣù méjì, lórí àga!" ni Aránṣọ ké.

"Jẹ́ kó rojọ́."

"Wọ́n pín iṣẹ́ ni, Kábíyèsí. Àwọn kan ń jáde lọ wá oúnjẹ, àwọn kan ń tún ilé ṣe, wọ́n ń kó pàǹtí dà nù. Kò sẹ́ni tó ń bínú. Ni mo bá ní kí á ṣe bíi tiwọn: kí n máa jáde, kí ìyàwó mi máa tún ilé ṣe."

"Tí o bá jáde, kí lo ń kó wálé?"

"Ìròyìn ni."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́.

"Ìròyìn?"

"Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ń lọ. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí ìyàwó mi kì í kọ́kọ́ gbọ́!"

"Ṣé ìròyìn la fi ń se ọbẹ̀ ni?" Aránṣọ na ìgbálẹ̀ sí i.

Wọ́n pe ìyá ọkọ kó wá jẹ́rìí.

"Kábíyèsí, ọmọ mi kì í ṣọ̀lẹ. Láti kékeré ló ti ń gbálẹ̀."

"Ẹ fojú ara yín rí i?"

"Ṣé mo lè ṣe kí n má rí i ni? Èmi ni mo ń bá a gbá a."

"Níbo lòun wà nígbà yẹn?"

"Ó ṣì ń sùn ni. Àárọ̀ kùtù mà ni!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ti ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Oyin ni bàbá yìí ti ń sìn kí wọ́n tó bí ọkọ yìí.

"Ọmọ mi, àwọn oyin tó ń wá oúnjẹ yẹn, akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni, Bàbá. Ta ló tún kù?"

"Abo ni. Àwọn tó ń kó pàǹtí ńkọ́?"

"Ìyẹn náà... abo ni."

"O gba ìyẹn. Abo kan náà ni wọ́n. Tó bá ṣì kéré, á máa tún ilé ṣe. Tó bá dàgbà, á bọ́ síta lọ wá oúnjẹ."

Ọkọ họ orí. "Akọ wá ńkọ́, Bàbá?"

"Akọ? Ó ń jẹun ni. Ọjọ́ tó bá fò jáde, ó jáde nìyẹn. Kì í padà wọlé mọ́."

Kábíyèsí wúkọ́. "Ìwọ lo pe oyin ní ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí rẹ sì ti sọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ jẹ́ akọ oyin, máa lọ báyìí, má padà délé mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ilé yẹn lo ṣì fẹ́ máa sùn, abo oyin ni ọ́ láti òní lọ, èyí tó kéré jù nínú wọn. Ìgbálẹ̀ rẹ rèé. O ò gbọdọ̀ yọjú síta títí ogójì aṣọ yẹn á fi pé."

"Háà! Onígbàjámọ̀ á máa retí mi!"

"Ìyàwó rẹ á máa gbé ìròyìn wá fún ọ. Ìyá, oyin a máa ní aṣọ́nà lẹ́nu ihò. Ẹ̀yin la yàn. Bí ẹ bá sì bá a fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ yẹn, ààfin yìí lẹ máa wá gbá."

Ọkọ gba ìgbálẹ̀, ó dì í mú sódì. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti bá a yí i, ó rántí, ó sì ká ọwọ́ kò.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Mo débẹ̀, ilẹ̀kùn tì pa, ìgbálẹ̀ fara ti ògiri. Ẹjọ́ ti ṣáájú mi délé.

"Ta nìyẹn?" ni ìyàwó mi béèrè láti inú ilé. "Akọ ni àbí abo?"

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Abo ni, jọ̀ọ́."