Mọ́tò Tí Wọ́n Fi Àpótí Ìdáná Wọ̀n

“Èmi ò gun mọ́tò yìí mọ́ láyé mi!”

Ìyá ìyàwó Dídán ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kan wà nínú mọ́tò Dídán tó ga fíofío, ìkejì ń wá ilẹ̀ kiri. Orúnkún ti ń dun Màmá tipẹ́, wọ́n sì sanra dáadáa. Dídán, onígbàjámọ̀ tí orí tirẹ̀ gan-an ń dán bíi dígí, ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn, òógùn bo ojú rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò díẹ̀.”

“Kí n fò? Ṣé ẹyẹ ni mí? Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń ṣílé, ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ ni yóò wá gbé mi!”

Háà! Ọ̀rọ̀ yìí wọ Dídán lára ṣinṣin. Ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ti dé ilé àna, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló máa kọ́kọ́ jù sórí tábìlì, gbàlà! Dídán ní kàkà kí ìyẹn gbé Màmá lọ, òun á pọ̀n wọ́n lọ.

Èrò kan wá sọ sí i lọ́kàn. Àpótí kan wà ní ilé ìdáná tí Màmá máa ń jókòó lé ṣa ẹ̀wà. Lórí àpótí yẹn, wọn kì í ráhùn orúnkún. Dídán gbé àpótí sábẹ́ abíyá, ó di ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì.

“Bí mo ṣe fẹ́ kí àga mọ́tò mi rẹlẹ̀ tó nìyí.”

Mẹ́káníìkì wo àpótí, ó wo mọ́tò, ó wo orí Dídán.

“Ṣé o ti jẹun lónìí?”

“Ṣáà ṣe é fún mi!”

“Ó dáa. Àmọ́ sípíríǹgì nìkan kọ́ la máa pààrọ̀ o. Bí a bá fi ṣọ́ọ̀kì gígùn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì kúkurú, ńṣe ni mọ́tò á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ẹ̀ la máa tú, tiwájú tẹ̀yìn.”

“Tú u!”

Wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò. Gbàgà! Kán-ún, kán-ún! Ṣọ́ọ̀kì gígùn jáde, kúkurú wọlé. Mẹ́káníìkì gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mọ́tò: wọ́n bára mu rẹ́gí. Mọ́tò wá rẹlẹ̀ débi pé bó bá gun èèpo ẹ̀pà, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á mọ̀ bóyá ẹ̀pà méjì ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àbí mẹ́ta.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò rò. Àpótí kì í rọlẹ̀ bí Màmá bá jókòó lé e.

Mọ́tò ń rọlẹ̀.

Sátidé pé, Màmá yí ìdí sínú mọ́tò wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Áà! Ọkọ ọmọ mi! O ṣe é o!”

Inú Dídán dùn dénú. Mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, fììììì. Wọ́n gbéra, gàràràràrà! Ilẹ̀ ń ha abẹ́ mọ́tò lọ títí wọ́n fi dé ibi ìṣílé.

“Màmá, a ti dé. Ẹ máa bọ̀.”

Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n tún mí kanlẹ̀.

“N ò lè dìde.”

Yéè! Nílé, férémù ilẹ̀kùn ìdáná ni Màmá máa ń dì mú kí wọ́n tó lè kúrò lórí àpótí. Ta ni yóò gbé ilẹ̀kùn wá síta báyìí? Dídán fà, fà, fà. Ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá bá a fà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò nìyí àbí ẹní?”

Ìtìjú bá Dídán. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, àmọ́ mọ́tò ti dí ẹnu ilẹ̀ pa.

Ni ẹ̀gbọ́n Màmá, onílé fúnra wọn, bá bínú jáde. Bàbá yìí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti bọ́ nìyẹn.

“Kí ló dé tí àbúrò mi ò wọlé?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè rí Màmá lójú fèrèsé. Òrùlé mọ́tò ni wọ́n rí. Wọ́n kúnlẹ̀. Àgbọ̀n nìkan ni wọ́n rí. Ni Bàbá bá na gbalaja, àyà kan ilẹ̀, gbì!

Gbogbo èrò yíjú sí wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn àlejò ti rí i. Bí onílé bá dọ̀bálẹ̀, ta ni àlejò tí yóò dúró? Gbì! Gbì! Gbì! Wọ́n ń tò wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá mọ́tò. Ọkọ àbúrò ìyàwó náà sùn gbalaja sínú eruku tòun taṣọ funfun.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Màmá kọ́kọ́ ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ń mirí sí wọn. Nígbà tó tún yá, wọ́n na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

“Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ dìde. Ẹni tó kàn!”

Nígbà tí àríyá tú ká, Dídán gbé Màmá tààrà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ó ti gbà pé òun ti tẹ́ lọ́wọ́ àna.

“Ṣọ́ọ̀kì gígùn yẹn, dá a padà, kí Màmá lè jáde!”

Mẹ́káníìkì gbé jáàkì. Màmá gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, pàà!

“Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀!”

“Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ jáde?”

“Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ jáde?” Màmá tún gèlè wọn ṣe nínú dígí. “Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí àwọn ará ilé ọkọ mi, títí kan ọmọ ọwọ́ inú wọn. Ọkọ ọmọ mi àtàtà, yí mọ́tò padà. Gbogbo wọn wà nílé báyìí.”